Títẹ Fúláwà Písà Pẹ̀lú Ọwọ́ àti Gbígbé E Wọ Ààrò

Kíláàsì: SS2
Iṣẹ́: Catering Craft Practice
Àkókò: ìṣẹ́jú 80 (pẹ́ríọ̀dù méjì). Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti po fúláwà sílẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.
Ibi: yàrá ìdáná ilé-ẹ̀kọ́, àti ilé búrẹ́dì kan ní Ṣómólú tàbí Bàrígà

Èròǹgbà

Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ ìdí tí fúláwà búrẹ́dì Agége fi ń gba inú ẹ̀rọ onírólà kọjá, tí ti písà kì í sì í gba ibẹ̀;
2. fi ọwọ́ lásán tẹ ìṣù fúláwà kan títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28, láìfọ́ etí rẹ̀, láìlu àárín rẹ̀;
3. mọ ìgbà tí ilẹ̀ ààrò ti gbóná tó, láìlo ẹ̀rọ ìwọn-ooru;
4. ti písà wọ ààrò, yí i po, kí ó sì gbé e jáde láìpa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lára.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Akẹ́kọ̀ọ́ ti po fúláwà rí fún pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Wọ́n mọ yíìsì, wọ́n sì ti rí bó ṣe ń mú nǹkan wú. Púpọ̀ nínú wọn ń gba iwájú ilé búrẹ́dì kọjá láàárọ̀, ní Bájùláyè, ní Pedro tàbí ní Jagunmólú, wọ́n sì ti gbọ́ òórùn búrẹ́dì tó ń jáde bọ̀.

Ohun èlò

Fúláwà búrẹ́dì, iyọ̀, yíìsì oníkóró, omi tútù inú ọ̀rá, sẹ̀mó díẹ̀, ata díndín tó ti gbẹ omi, wàràkàṣì, òṣùwọ̀n, abọ́ tó ní ìdérí, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń gé fúláwà, pákó pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ gígùn, irin pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ gígùn, aṣọ nípọn tó gbẹ, ìbọ̀wọ́ aláwọ. Búrẹ́dì Agége kan tí kò tíì pé ọjọ́ kan.

Ìfáàrà (ìṣẹ́jú 10)

Olùkọ́ yóò ya búrẹ́dì Agége náà sí méjì níṣojú gbogbo kíláàsì. Yóò ní: "Ẹ wo inú rẹ̀. Ṣé ẹ rí ihò ńlá kankan?" Wọn ò ní rí i. Inú rẹ̀ funfun, ó dọ́gba, ó sì ń fà bí a bá fọwọ́ ya á. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àwòrán písà tí wọ́n gé láàárín hàn wọ́n. Etí rẹ̀ wú sókè, ihò ńlá àti kékeré kún inú rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa níbì kan, ó dúdú díẹ̀ níbòmíì.

Ìbéèrè kejì ni pé: "Fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì wà nínú méjèèjì. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?" Kí olùkọ́ gba ìdáhùn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó kọ wọ́n sójú pátákó, kó má sì tíì sọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ náà ni yóò dáhùn: ohun tí a ṣe sí afẹ́fẹ́ inú fúláwà, àti bí iná ṣe bá a pàdé.

Ìtàn ní ṣókí

Ní 1913 ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Ní àwọn ọdún 1920 ó ti ń ṣe búrẹ́dì tà ní Èbúté Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ṣómólú. Iṣẹ́ náà gbòòrò débi pé Ọba Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n ní ó mú ẹ̀rọ onírólà wọ iṣẹ́ búrẹ́dì ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tó ń ṣe irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ní Agége ló sọ ọ́ di èyí tí gbogbo Èkó ń fi orúkọ ìlú wọn pè.

Ti písà, ìlú Naples ní Ítálì ni wọ́n ti ń fi ṣe iṣẹ́ ìdílé. Ní 2017, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe písà ní Naples kún àwọn ohun àjogúnbá tí aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù Domino's àkọ́kọ́ ṣí ní 2012. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wá iṣẹ́ sídìí ààrò písà, ẹni tó bá sì ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì ní àdúgbò wa ló máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù ni pé kó gbàgbé rólà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ohun tí rólà ń ṣe, àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe

Bí a bá da omi sí fúláwà àlìkámà tí a sì pò ó, nǹkan kan máa ń dì mọ́ra nínú rẹ̀ tí à ń pè ní gluten. Òun ló ń mú kí fúláwà fà láìjá. Yíìsì yóò jẹ ṣúgà inú fúláwà, yóò sì máa tu afẹ́fẹ́ síta. Gluten yóò di afẹ́fẹ́ náà mú, fúláwà yóò sì wú.

Ní ilé búrẹ́dì, wọn yóò ti fúláwà gba àárín irin méjì tó ń yí. Wọn yóò ká a, wọn yóò tún tì í gbà á, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ojú rẹ̀ yóò fi máa dán. Rólà yóò fún gbogbo afẹ́fẹ́ ńlá jáde, yóò sì to gluten sí ọ̀nà kan náà. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì Agége fi dọ́gba nínú, tó fi wúwo lọ́wọ́, tó sì ń fà nígbà tí a bá ya á. Inú páànù ni wọn yóò wá kó o sí kó tó tún wú lẹ́ẹ̀kejì.

Písà kò ní páànù, kò sì ní ìgbà mìíràn láti wú lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú ìṣù kí a tó fọwọ́ kàn án ni yóò sọ etí rẹ̀ di ohun tó wú nínú ààrò. Bí a bá fi rólà tàbí ìgò tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn lọ nìyẹn, kò sì sí ohun tí yóò dá a padà. Gbogbo ọgbọ́n títẹ písà kò ju pé kí a ti afẹ́fẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí a má sì jẹ́ kó jáde létí.

Ìgbésẹ̀ 2: Pípò àti ìsinmi (olùkọ́ yóò ti ṣe é sílẹ̀)

Fún písà mẹ́rin:

- fúláwà búrẹ́dì, gíráàmù 600
- omi tútù, gíráàmù 370
- iyọ̀, gíráàmù 12
- yíìsì oníkóró, gíráàmù 3

Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye tí a fẹ́ mu. Kí omi náà ti inú fíríìjì tàbí kúlà yìnyín jáde. Ooru ilé ní Èkó tó 30°C lọ́pọ̀ ìgbà, yíìsì sì máa ń sáré nínú ooru. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, fúláwà yóò ti wú kọjá ààlà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ẹ bò ó, kó sinmi fún wákàtí kan. Ẹ wá gé e sí mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 985, nítorí náà ìṣù kọ̀ọ̀kan yóò tó 246. Ẹ ká ìṣù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ara rẹ̀ kí ojú òkè rẹ̀ le, kó sì dán. Ẹ kó wọn sínú abọ́, kí àyè wà láàárín wọn, ẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má gbẹ ojú wọn, kí ẹ tún fún wọn ní wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìṣù ti ṣetán? Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá padà kíákíá, kò tíì sinmi tó. Bí ó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, ó ti tó. Bí kò bá padà rárá, ó ti pẹ́ jù.

Kí olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ potassium bromate níbí. Àwọn kan máa ń fi í mú búrẹ́dì wú kíákíá kí ó sì tóbi. NAFDAC ti fòfin dè é nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ara. Yíìsì àti àkókò ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Títẹ (ìṣẹ́jú 25)

Olùkọ́ yóò ṣe ẹyọ kan láìyára, yóò máa sọ ohun tó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ṣe tiwọn ní méjì-méjì. Kí gbogbo wọn ti bọ́ òrùka, kí èékánná wọn sì kúrú, torí èékánná ló sábà ń lu písà.

i. Ẹ wọ́n fúláwà gbígbẹ sórí tábìlì, kó má pọ̀. Ẹ fi ike ìgefúláwà gbé ìṣù kan jáde nínú abọ́. Ẹ má fi ìka fà á, kó má baà gùn bí kò ṣe yẹ kó gùn. Ojú tó dán ni kó wà lókè.

ii. Ẹ fi orí ìka mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, tẹ àárín rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa tẹ̀ lọ síta. Ẹ dúró nígbà tó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kí ẹ dé etí. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sá lọ. Ẹ má tẹ̀ lé e débẹ̀.

iii. Ẹ yí i dé, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú kejì. Báyìí ó ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun kékeré.

iv. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹ̀gbẹ́ kan mú pẹ́lẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa ẹ̀gbẹ́ kejì síta. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún fà á. Yíyí yìí ló ń mú un rí roboto. Ẹni tí kò bá yí i yóò fa písà tó gùn gbọọrọ.

v. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ gbé písà náà lé ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò máa fà á wálẹ̀. Ẹ máa sún ọwọ́ yí ká abẹ́ rẹ̀, lẹ́bàá etí. Ẹ má fi ọwọ́ sí àárín, ibẹ̀ ti tín-ín-rín tó. Nígbà tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28, ẹ dúró.

vi. Ẹ gbé e sókè síwájú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ yóò fi ibi tó tín jù hàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè nípa jíju písà sókè tí wọ́n ń rí nínú fídíò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n fún ojú oníbàárà ni. Iṣẹ́ tó wà lókè yìí kò nílò rẹ̀.

Bí fúláwà bá ń sún kì, tó ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, ẹ má bá a jà. Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Gluten rẹ̀ ló le, ìsinmi ni yóò dẹ̀ ẹ́. Bí ó bá lu, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ ihò náà bo ara wọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun orí rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ yá. Ẹ wọ́n sẹ̀mó díẹ̀ sórí pákó. Sẹ̀mó jẹ́ àlìkámà tí a lọ̀ tí kò kúnná, kì í tètè fa omi, nítorí náà písà yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má lo gààrí. Ó máa ń jóná kíákíá, ẹ̀fín rẹ̀ a sì ba adùn jẹ́. Ẹ gbé písà sórí pákó, kí ẹ mi pákó náà. Bí písà bá ń rìn, ó dáa.

Ṣíbí ńlá méjì ata díndín tó fún písà kan. Kí ata náà ti gbẹ omi dáadáa kí ó tó dé orí rẹ̀. Ẹja yíyan láti etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, sùyà, tàtàṣé: gbogbo wọn yẹ písà, àmọ́ ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ má kó wọn jọ sí àárín. Lẹ́yìn tí ata bá ti dé orí rẹ̀, ẹ tún mi pákó. Bí ó bá ti lẹ̀, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ sókè kí ẹ fọ́n sẹ̀mó sábẹ́ rẹ̀. Ààrò kì í tú ohun tó ti lẹ̀ mọ́ pákó.

Ìgbésẹ̀ 5: Ààrò, àti gbígbé e wọlé (ìṣẹ́jú 25)

Apá yìí ni kíláàsì yóò lọ ṣe ní ilé búrẹ́dì. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì máa ń ṣiṣẹ́ lóru títí di àfẹ̀mọ́jú, nítorí náà ọ̀sán ni kí olùkọ́ bá wọn ṣètò. Bí ẹ bá wọlé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá", kí ẹ sì dúró níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pákó wọn láìgba àyè.

*Bí wọ́n ṣe ń kó búrẹ́dì sí ààrò.* Nínú ààrò bíríkì, wọn yóò dá iná igi sínú ilé ààrò fúnra rẹ̀, títí bíríkì yóò fi mu iná. Wọn yóò kó ẹyin iná àti eérú jáde, wọn yóò gbá ilẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì ti ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè dọ́gba. Wọn yóò wá fi pákó ọlọ́wọ́ gígùn ti páànù wọlé, ẹ̀yìn ni wọn yóò kọ́kọ́ tò, kí wọ́n tó wá síwájú. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń jáde kẹ́yìn. Láti ìgbà tí iná ti jáde ni ooru ti ń lọ sílẹ̀. Búrẹ́dì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó nípọn, inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jiná kí ara rẹ̀ tó jóná.

*Bí a ṣe ń ti písà wọlé.* Níbí, iná kì í jáde. A ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó fi í sílẹ̀ kó máa jó. Písà tín-ín-rín, ooru líle ni yóò mú etí rẹ̀ wú kí ara rẹ̀ tó gbẹ. Àwọn ará Naples máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ ààrò wọn tó 380 sí 430°C, písà wọn a sì jiná láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90. Ààrò tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò: bí ooru rẹ̀ bá wà ní nǹkan bíi 300°C, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún.

Ìdánwò ooru: ẹ fọ́n fúláwà gbígbẹ díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò. Bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù, ẹ dúró. Bí ó bá ń pupa díẹ̀díẹ̀, ó tó. Bí ó bá ṣì funfun lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ fi igi kún un.

Títì í wọlé:

i. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ààrò, ẹ má dojú kọ ọ́ gan-an.
ii. Ẹ ti pákó wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ kí písà jókòó sí.
iii. Ẹ tì í síwájú díẹ̀, kí ẹ wá fa pákó sẹ́yìn kíá, láìgbé e sókè. Etí písà tó kan ilẹ̀ yóò dúró, pákó yóò sì yọ kúrò lábẹ́ ìyókù. Ẹni tó bá fà á díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀rù ni písà rẹ̀ ń ká.
iv. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ fi irin pẹlẹbẹ gbé etí rẹ̀ wò. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti pupa, ẹ yí i kí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà síná lè kọjú síná. Ẹ dá a padà sí ibi kan náà tó ti kúrò. Ilẹ̀ tuntun gbóná jù, yóò jó abẹ́ rẹ̀.
v. Irin ni a fi ń gbé e jáde, kì í ṣe pákó.

*Bí kò bá sí ààrò bíríkì.* Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ tó nípọn sínú ààrò gáàsì ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ tan án dé òpin fún ìṣẹ́jú 45. Ní 250°C, písà yóò jiná láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 10. Etí rẹ̀ kò ní wú tó ti bíríkì, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa yóò rí ihò nínú rẹ̀.

Ààbò

- Aṣọ tó gbẹ ni kí ẹ fi di irin mú. Omi inú aṣọ tútù máa ń di oru, oru a sì bó ọwọ́.
- Ẹ má dá iná pẹ̀lú pákó tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí. Èéfín rẹ̀ yóò bá oúnjẹ lọ.
- Ẹni tó bá gbé pákó ọlọ́wọ́ gígùn gbọ́dọ̀ pariwo "Ẹ yàgò!" kó tó yí padà. Ẹ̀yìn pákó máa ń lu ẹni tí kò rí i.
- Kí irun wà nínú ìdérí, kí aṣọ má sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́.

Àléébù àti ohun tó fà á

Etí kò wú: rólà tàbí ìgò ni wọ́n lò, tàbí wọ́n tẹ etí mọ́lẹ̀, tàbí ooru kò tó.
Àárín rẹ̀ rọ̀, ó ń ṣomi: ata kò gbẹ, tàbí ẹrù pọ̀ jù lórí rẹ̀.
Abẹ́ dúdú, òkè funfun: ilẹ̀ gbóná ju òrùlé ààrò lọ. Ẹ fi igi tínrín kún un kí iná lè fò sókè.
Òkè jóná, abẹ́ funfun: ilẹ̀ kò tíì mu iná tó. Ẹ tan iná pẹ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
Etí pupa jù, ó le: fúláwà kò mu omi tó, tàbí ó pẹ́ jù nínú ààrò.
Fúláwà kò ṣeé fà: kò sinmi tó, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ni rólà ń ṣe fún búrẹ́dì Agége? Kí ló dé tí a kò fẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún písà?
2. Kí nìdí tí omi tútù fi yẹ fún pípo fúláwà ní Èkó?
3. Sọ ìyàtọ̀ méjì láàárín bí a ṣe ń kó búrẹ́dì sí ààrò àti bí a ṣe ń ti písà wọlé.
4. Bí a bá fẹ́ ìṣù mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 246, gíráàmù fúláwà mélòó ni a nílò? (Ìdáhùn: 900.)
5. Iṣẹ́ ọwọ́: tẹ ìṣù kan níwájú olùkọ́, kí o sì tì í wọ ààrò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lọ sí ilé búrẹ́dì tó sún mọ́ ilé rẹ. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí o dúró wo bí wọ́n ṣe ń ti páànù wọ ààrò. Kọ ojú ìwé kan: irú ààrò wo ni, kí ni wọ́n fi ń dá iná, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbóná tó? Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Fún olùkọ́

Máàkì iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 20: mẹ́jọ fún títẹ, mẹ́jọ fún gbígbé wọ ààrò, mẹ́rin fún ààbò àti ìmọ́tótó. Ẹ má yọ máàkì lára akẹ́kọ̀ọ́ tí písà rẹ̀ kò rí roboto, torí ọwọ́ yóò mọ ìyẹn bó bá yá. Ẹni tó bá fi ìgò yí tirẹ̀, bó ti wù kó rí roboto tó, kò ní máàkì kankan nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́, torí kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a rán an.